Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù Ń Dàgbà: Kí La Pèsè Sílẹ̀ Dè É?

Àsọyé níbi àpéjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀ka Ìkirè àti Àpòmù

   

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ẹ̀yin kan ti rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni n ó sọ, nítorí ọjọ́ orí wa. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀. Èyí tí mo mú wá lónìí, inú yàrá la ti ń sọ ọ́, bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà tó ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísíìmù ni.

Mo tún un sọ o: ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, pàápàá ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún un láti 2008, ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ọmọdé náà kì í dúró sójú kan. Ó ń ga, irùngbọ̀n ń hù ú, ìyá tó ń gbé e pọ̀n sì ń darúgbó. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tó bá pé ọdún 18, tàbí 30, tàbí 45, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, níbo ló ti ń gbàtọ́jú, kí ló sì ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?

KÍ NI Ọ́TÍSÍÌMÙ?

Ọ́tísíìmù kì í ràn. Kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe pé ìyá rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún. Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà láti kékeré ló yàtọ̀, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé àjogúnbá ní ọwọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní in a máa gba ọ̀rọ̀ àti ìbákẹ́gbẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn kan kò sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ka ìwé. Ariwo jẹnẹrétọ̀, iná tó mọ́lẹ̀ jù, aṣọ tó ń rin ni lára, gbogbo ìwọ̀nyí lè ni wọ́n lára gidigidi. Wọ́n fẹ́ kí nǹkan lọ bó ṣe máa ń lọ: bó ṣe rí lánàá ni kó rí lónìí. Àwọn kan nínú wọn nílò ẹni tí yóò wẹ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn ti gba oyè yunifásítì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀.

Ní 1943 ni Dókítà Leo Kanner ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1978, olùwádìí kan, Victor Lotter, tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde lẹ́yìn tó ti lọ káàkiri orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ó bá àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù pàdé ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, bí ènìyàn 1 nínú 127 ló ní in lágbàáyé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 635, a jẹ́ pé bí 5 ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ rántí àwọn ọmọ tí ẹ ti kọ́: èyí tí ìṣirò kì í ṣòro fún, àmọ́ tí kò lè wo ojú yín, èyí tó ń sunkún bí ẹ bá yí ìjókòó rẹ̀ padà. N kò sọ pé ọ́tísíìmù ni o. Mo ní kí ẹ kàn rántí wọn ni.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ líle fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: odi, dìndìnrìn, ẹlẹ́gbẹ́. Àmọ́ àwọn baba kan náà ló ń pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn náà ló sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Nínú méjèèjì, àwa la ó yan èyí tí a ó jogún.

Ọ̀RỌ̀ EYÍN KAN

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa fún mi láyè láti sọ ti ọmọ rẹ̀, kìkì pé kí n má dárúkọ. Ọmọkùnrin náà ti pé ọdún 27. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń ṣe tà nílé wọn. Òun ló ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ kẹ̀bẹ̀, òun náà ló sì ń di dòdò sínú ewé bí ó bá ti tutù. Ìyá rẹ̀ ní nínú gbogbo ilé, kò sí ẹni tí tirẹ̀ ń dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí mọ́ ògiri. Kò jẹun. Ó bu ẹni tó fẹ́ dì í mú jẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn aládùúgbò ní ó ti ya wèrè. Wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, àwọn yẹn ní àfi kí àwọn fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù kan. Láti aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó láàárín èrò. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, ó figbe ta, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ mú un jáde.

Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló tẹ̀ lé wọn síta. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló ń dì mú o.” Bí wọ́n ṣe wò ó báyìí, eyín kan ti jẹrà lẹ́yìn, abẹ́ rẹ̀ ti kún fún ọyún. Wọ́n yọ eyín, wọ́n fún un ní oògùn. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi padà sídìí ewé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí lọ sílé. Bí ẹni tó ní ọ́tísíìmù bá yí padà lójijì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń dùn ún. Eyín ni ni? Etí ni? Ṣé inú rẹ̀ dè ni? Ṣé ìtọ̀ ń ta á lára? Wárápá pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, oògùn wárápá sì wà. Oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù fúnra rẹ̀ sàn kò sí. Ẹni tó bá ní òun ní in, owó yín ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ́tísíìmù lè ní ibà, kó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó ní ìbànújẹ́ ọkàn, gbogbo èyí ló sì ní ìtọ́jú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn jẹ́ ti ìgbà láéláé. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé àbọ̀ jáde pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ní ìṣòro ọpọlọ ni wọ́n dè mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Bí ìyá kò bá lágbára láti kọ̀ ńkọ́? Bí ìyá bá ti kú ńkọ́?

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Àwọn òfin mẹ́ta kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé tó ní irú ọmọ yìí mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni òfin 2018 tó ka fífi ìyà jẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá àti yíya wọ́n sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2019. Ó ní ẹni tó ní ìṣòro ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ní níbi tí èrò bá ti tò, àkàndá ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ padà rántí ọmọkùnrin tó jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán yẹn: òfin wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àmọ́ ìyá kò mọ̀, ẹni tó wà nídìí tábìlì náà kò sì mọ̀. Òfin yẹn tún ní kí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga girama, kí ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi wọ́n ṣagbe. Ẹni tó bá ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, 1,000,000 náírà ni. Òfin yìí náà ló fi ọ̀nà lélẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí. Dókítà lè kọ ti ìgbà díẹ̀, èyí tí kì í kọjá 180 ọjọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti títí ayé, Àjọ Àpapọ̀ fún Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá ló ń fúnni ní èyí tí kì í parẹ́.

Èkejì ni òfin 2022 lórí ètò adójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì. Ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká a: aboyún, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, arúgbó, aláìní, àti àwọn tí ara tàbí ọpọlọ wọn ní ìpèníjà.

Ẹ̀kẹta ni Òfin Ìlera Ọpọlọ ti 2021, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023. Òun ló rọ́pò òfin àwọn wèrè tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa, ó sì fi ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú sínú ìwé.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nínú ara yín: òfin wà lórí ìwé, ta ló ń tẹ̀ lé e? Òótọ́ ni. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ṣe nítorí ọ́tísíìmù nìkan, kò sì sí èyí tó dédé kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láti sọ pé, “Ẹ wá gba tiyín.” Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè bèèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kà á sí yín létí.

IBI TÍ A LÈ LỌ

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a wà. Ìlú wa méjèèjì wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Bí a bá forí lé ìwọ̀-oòrùn, UCH Ìbàdàn ni, tí wọ́n ṣí ní 1957. Bí a bá gba Gbọ̀ngán lọ, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni, ní Ilé-Ifẹ̀. Ìlú púpọ̀ ní Nàìjíríà ni kò ní irú oore yìí. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbòdùn sì wà lára àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní Èkó, Patrick Speech and Languages Centre wà, tí ìyáàfin Dótun Àkàndé dá sílẹ̀ ní 2006 nítorí ọmọ tirẹ̀ tó ní ọ́tísíìmù. Ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 ti ń kọ́ àwọn tíṣà àkàndá ọmọ láti ọdún yìí wá.

Kí ẹ sì má gbàgbé Aro ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó wà yí ká, pẹ̀lú ẹbí kan tó ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń lọ gbàtọ́jú lójoojúmọ́. Yorùbá ló ṣe é, nílẹ̀ Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìtọ́jú láàárín ìlú jẹ́ àṣà àjèjì.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí àlàfo wà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kà yìí, ti ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tán, ilé ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Bàbá àti ìyá ló wá di dókítà, tíṣà, ọlọ́pàá àti ọ̀rẹ́. Àwọn méjèèjì sì ń darúgbó.

OHUN TÍ A RÍ NÍBÒMÍRÀN

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn kan nínú yín ń gbé, wọ́n ṣe òfin ọ́tísíìmù kan ní 2009. Ti àgbàlagbà gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é: ó fi dandan lé e pé kí ìjọba ní ètò fún àwọn àgbàlagbà tó ní in. Síbẹ̀, ní 2016, Oliver McGowan, ọmọ ọdún 18 tó ní ọ́tísíìmù àti wárápá, kú ní ọsibítù. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti sọ pé irú oògùn kan kò bá a lára mu. Wọ́n fún un síbẹ̀síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ní 2022, òfin tuntun sọ ọ́ di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gba ẹ̀kọ́ lórí ọ́tísíìmù, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ rí i pé òfin tó dára nìkan kò tó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ lè bèèrè, kó sì gbọ́.

Èkejì, ẹ rántí àwọn ọmọ 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn. Donald Triplett ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Forest, ní Mississippi, ni wọ́n bí i sí ní 1933. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ fi sí ilé àwọn aláìlera, àwọn òbí rẹ̀ sì lọ mú un padà. Ó gbé lọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan tí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó lè ṣe. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama láàárín àwọn ọmọ ìlú, ó gboyè ní 1958, ó ṣiṣẹ́ báńkì ní ìlú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó rin ìrìn àjò káàkiri ayé. Nígbà tó kú ní 2023, ó ti lé ní ọdún 89. Lóòótọ́, ìdílé wọn lówó. Àmọ́ owó nìkan kọ́. Àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ìṣe rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyà jẹ ẹ́. Ìlú tó kéré ju Ìkirè lọ ni.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

N kò wá bẹ ẹgbẹ́ pé ká kọ́ ọsibítù. Apá wa kò ká a. Nǹkan márùn-ún ni mo ń tọrọ.

Èkíní, ìwé ojú kan ṣoṣo fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe ń fi hàn pé nǹkan ń dun òun, ohun tó ń bà á lẹ́rù, oògùn tó ń lò àti èyí tí kò bá a lára mu, àti ẹni tí wọ́n lè pè. Ẹ̀yin tíṣà wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé kọ. Ẹ bá àwọn ìyá kọ ọ́.

Èkejì, ẹ̀yin lọ́yà àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba àárín wa, ẹ bá àwọn ìdílé yìí tọ ipa ìwé ẹ̀rí àti inṣọ́ránsì. Fọ́ọ̀mù tí kò gba ẹni tó mọ ọ̀nà ju wákàtí kan lọ lè gba ìyá arúgbó ní oṣù mẹ́ta. Ibi tí owó bá ti wà níbẹ̀, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan san ti ẹnì kan.

Ẹ̀kẹta, kí alága àti akọ̀wé wa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọ̀lé àti ti Ìsọ̀kan. Kí wọ́n bẹ̀ wọ́n pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní Ìkirè àti ọ̀kan ní Àpòmù, kí àárọ̀ ọjọ́ kan jẹ́ ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí ibẹ̀ dákẹ́, kí èrò má pọ̀, kí nọ́ọ̀sì wo eyín, etí, ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n ara. Àwa nọ́ọ̀sì tí a ti fẹ̀yìn tì yóò yọ̀ǹda ara wa. Mo ti bá àwọn mẹ́ta sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní oko àti ilé ìtẹ̀wé, ẹ wo iṣẹ́ yín. Èwo ló ń lọ bákan náà lójoojúmọ́? Títo, dídì, kíkà, yíyàn. Ẹnì kan lè wà ní àdúgbò yín tí iṣẹ́ yẹn yóò bá lára mu. Ẹ san owó iṣẹ́ fún un o. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe àánú.

Ẹ̀karùn-ún ló le jù. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn sọ orúkọ ènìyàn méjì tí yóò dúró bí òbí kò bá sí mọ́. Kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí òbí ṣì lè fi ìṣe ọmọ náà han ẹni yẹn, kí ó máa wá síbẹ̀, kí ojú wọn mọ ara wọn. Ẹgbẹ́ lè tọ́jú ìwé náà ní ìkọ̀kọ̀. Bí ìdílé kan kò bá rí ẹnì kejì, kí ẹgbẹ́ wa jẹ́ ẹnì kejì náà.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ ti ọmọ rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngán yìí. Kò ní kí n tọrọ owó fún òun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní kí n bá òun bi yín: “Bí mo bá lọ, ta ni yóò mọ̀ pé eyín ló ń dùn ún?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọjà Àpòmù ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, àwọn àgbà rẹ̀ sì mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa la di àgbà ọjà báyìí. Àwọn orí tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti ọmọ tuntun mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé wọn ró. Ìpàdé gbogboogbò wa ń bẹ lọ́sàn-án yìí. Mo bẹ yín, kí a fi nǹkan márùn-ún yìí síwájú ilé, kí a dìbò lé wọn, kí a sì yan ẹni tí yóò ṣe kálukú wọn àti ọjọ́ tí yóò jábọ̀.

Ọlọ́run yóò fún àwọn ọmọ wa ní ẹni tí yóò rí ti wọn rò. A ó tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, a kò ní dín kù.